Àwọn Pósítà Ilẹ̀ Póláǹdì àti Àbúrò Mi Tí Kò Pè

Ní ọdún tí àbúrò mi ọkùnrin dákẹ́ sí wa láti ilẹ̀ Póláǹdì, mi ò lè jókòó sójú kan. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì bíi ti ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá dìde, màá jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá wo títì sókè, màá wò ó sódò, màá tún wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà tó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi tilẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ta lẹ ń retí?" Mo ní kò sẹ́nì kan. Ó wò mí, ó padà sídìí ọ̀kadà rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní, lójú ọ̀nà tó lọ sí pólì ní Ẹdẹ. Mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn, mo máa ń ṣe ìwé ìkómọ, mo sì máa ń ṣe bánà fún òkú àti ìgbéyàwó. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé, nítorí náà èmi àtàwọn ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi nínú agboolé wa. Ìyá mi ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù fáwọn télọ̀ lọ́jà. Bàbá wa ti kú tipẹ́. Àbúrò mi yìí ni àbíkẹ́yìn, ẹ̀yìn mi ló sì ti sùn jù nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Ó lọ sí Póláǹdì láti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Lọ́jọ́ tó ń lọ, àwọn àlùfáà wá ṣàdúà fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ilé kún dẹ́nu. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń pè wá dáadáa. Á yí fóònù síta kí a lè rí yìnyín lójú fèrèsé rẹ̀, ìyá mi á sì máa pariwo pé kó lọ wọ ẹ̀wù. Nígbà tó yá, ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó di ọ̀rọ̀ ṣókí lójú fóònù: "Mo wà dáadáa. Iṣẹ́ ilé ìwé ló pọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Bí a bá pe nọ́ńbà rẹ̀, kò ní lọ. Fọ́tò rẹ̀ kúrò lójú fóònù mi, ibi tí ẹ̀rín rẹ̀ ti máa ń wà tẹ́lẹ̀ di òbírípo aláwọ̀ eérú kan tí kò ní imú, tí kò ní ẹnu.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ náà kò ju ohun tó ti sọ fún wa lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí oníbàárà ò wá, mo kọ orúkọ ìlú tó ń gbé sínú kọ̀ǹpútà bóyá mo lè rí ìròyìn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé wọ́n lu àjèjì kan ní ibùdókọ̀ ojú irin. Mo kà á títí dópin. Wọn ò sọ orúkọ ẹni náà, wọn ò sọ ibi tó ti wá. Mo pa á dé. Mo tún un ṣí. Mo tún un pa dé. Mo wá lọ síbi tí wọ́n ti ń kó àwòrán jọ, mo ní ó kéré tán kí n mọ irú ilé tí wọ́n ń gbé, irú títì tó ń gbà kọjá.

Mo rí afárá, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ṣóńṣó, mo rí odò tó ti dì. Láàárín wọn ni mo ti rí àtẹ́lẹwọ́ kan tó pupa bí epo, ojú kan ṣoṣo sì là sáàárín rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò mí. Àwọn ìka ọwọ́ náà kì í ṣe ìka, igi tí kò léwé ni wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi lọ síbi kan lórí ayélujára tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú náà kó àwọn pósítà sinimá àtijọ́ pamọ́ sí. Mo yí i wálẹ̀, pósítà. Mo tún yí i wálẹ̀, pósítà. Kò lópin.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi náà ti bá ẹgbẹ́ òṣèré kan ṣe pósítà fíìmù níbí. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ hàn, orí ọ̀gá wọn ló sì gbọ́dọ̀ tóbi jù. Bí orí ẹnì kan bá kéré ju ti ẹnìkejì lọ, ìjà dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn pósítà yìí, èèyàn ṣọ̀wọ́n. Mo rí ẹṣin tí wọ́n fi bébà yíya lẹ̀. Mo rí bàtà kan tó la ẹnu, tó yọ ahọ́n síta. Mo rí obìnrin kan tí irun orí rẹ̀ jẹ́ ebè oko, àwọn adìyẹ sì ń ṣa nǹkan jẹ nínú ebè náà. Kọ̀ǹpútà bá mi tú ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì wúruwùru. Wọ́n ní láyé ìgbà kan, ìjọba ló ni gbogbo ilé sinimá níbẹ̀, kò sí pé ẹnì kan ń du oníbàárà mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, nítorí náà kò pọn dandan kí pósítà gbé ojú òṣèré jáde. Ayàwòrán á wo fíìmù náà tán, á lọ sílé, á sì ya ohun tó kù sí i lọ́kàn.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè fi wọ́n sílẹ̀. N kò lè pè é ní ìgbádùn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ara ń yún èèyàn, tí ó ń họ ọ́. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán, kí n tó gbálẹ̀, màá ti ṣí wọn. Wọ́n ya fọ́tò àwọn pósítà náà dáadáa débi pé bí mo bá fà wọ́n sún mọ́ra, mo lè rí ojú ibi tí wọ́n ti ká bébà sí, ojú ihò ìṣó, àti ibi tí àtè ògiri ti bà á jẹ́. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ ya á kúrò lára ògiri rí. Mo máa ń ronú pé ó lè jẹ́ ògiri títì tí àbúrò mi ń gbà lọ sílé ìwé. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò ní láárí, torí pósítà náà ti dàgbà ju bàbá wa lọ. Síbẹ̀ màá máa wá ipasẹ̀ àbúrò mi níbẹ̀.

"Àǹtí, iṣẹ́ mi ńkọ́?" Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, ó ti jókòó láti àárọ̀. Mo wo ohun tí mo tẹ̀ fún un. Gbólóhùn kan náà ni mo tẹ̀ láti òkè ewé dé ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ pósítà náà tún wọ inú iṣẹ́ bánà mi. Ọkùnrin kan láti ìlú Ara wá, ó fẹ́ bánà àdúà fún bàbá rẹ̀ tó kú, àgbẹ̀ ni bàbá náà. Mo ya ọkọ́ kan tó dá dúró lórí ilẹ̀ pupa, mo ya òjìji ẹni tó mú un, mi ò ya ẹni náà. Ó dára lójú mi, ọkàn mi tilẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa o, Àǹtí. Níbo ni bàbá wa wà?" Mo ní òjìji bàbá nìyẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi bàbá wa síbẹ̀." Mo fi fọ́tò bàbá náà síbẹ̀, pẹ̀lú fìlà àti irùngbọ̀n rẹ̀, mo sì fi òdòdó yí i ká bí a ti ń ṣe é. Inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́, ó lọ. Èmi tún padà sórí kọ̀ǹpútà.

Ìyá mi máa ń yà lọ́dọ̀ mi bó bá ń ti ọjà bọ̀. Kì í jókòó. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣé ó ti pè?" Màá ní, "Kò tíì pè, Màmá." Á ní, "Ó dáa," á máa lọ. Lọ́jọ́ kan òjò ká a mọ́ ọ̀dọ̀ mi, ó sì wọlé. Kóòtù dúdú kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà lákòókò náà. Ó na apá méjèèjì bíi pé ó fẹ́ dì mọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n kò lórí. Èéfín ló ń tọrùn rẹ̀ jáde.

Ìyá mi gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Fíìmù ni."

"Fíìmù wo ni ò lórí?"

"Ti àwọn ará Póláǹdì ni. Ti ayé àtijọ́."

Ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà. "Ibi tí ọmọ mi wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó fa àga sọ́dọ̀ mi, ó nu omi òjò kúrò lójú. "Ṣí òmíràn."

Mo ṣí òmíràn. Mo ń ṣí wọn, ó ń wò wọ́n, ó ń pòṣé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé ibi bàtà tó yọ ahọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí, bàtà ń yọ ahọ́n sí wa!" Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Òun náà ṣe bí ẹni tó rántí nǹkan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ní ebè lórí, ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà débi pé mo rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó ya èyí, ìyá ló tọ́ ọ dàgbà." Ó tún ní, "Bí àwọn tó ya èyí bá wà níbẹ̀, ẹnì kan á ti bá mi wo ọmọ mi."

Mi ò sọ fún un pé ọ̀pọ̀ àwọn ayàwòrán náà ti lè kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nísàlẹ̀ ojú ewé àkójọ náà, àyè wà tí èèyàn lè kọ̀wé sí wọn bó bá ní ìbéèrè. Ní ọjọ́ kejì, mo kọ̀wé. Mi ò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀, ni mo bá béèrè nípa obìnrin tó ní ebè lórí náà: kí ni àkọlé rẹ̀ ń sọ?

Obìnrin kan ló dá mi lóhùn. Òun ló ń tọ́jú àwọn pósítà náà, tó sì ń yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn, kò fi ọ̀rọ̀ ńlá sí i. Ó ní ẹnu ya òun pé ẹnì kan ní Nàìjíríà ń wo àwọn bébà tí òun ń gbá eruku kúrò lára wọn. Ó sọ àkọlé náà fún mi, ó ní fíìmù nípa opó kan ni, tó kọ̀ láti fi oko rẹ̀ sílẹ̀. Mo tún bi í ní nǹkan mìíràn, ó tún dáhùn. Ó ní bébà ìgbà náà kò dára, pé àwọn kan máa ń dọ́gbọ́n yọ pósítà kúrò lára ògiri nígbà tí òjò bá ti rẹ àtè rẹ̀, tí wọ́n á gbé e lọ sílé lọ fi kọ́ sí yàrá. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣe mí bíi pé mo ti bá a jókòó rí.

Mo wá kọ̀wé sí i lọ́jọ́ kan, n kò tilẹ̀ kí i dáadáa: "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pósítà nìkan ni mo ń wá. Àbúrò mi wà ní ìlú yín. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá wa ò sùn." Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ orúkọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé tó sọ fún wa nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, mo fi fọ́tò rẹ̀ sí i. Mo fi ránṣẹ́ kí n má bàa yí ọkàn padà.

Mo ń retí èsì rẹ̀. Kò dáhùn lọ́jọ́ náà, kò dáhùn lọ́jọ́ kejì. Mo ní mo ti dẹ́rù bà á. Mo ní ó ti rò pé oníjìbìtì ni mí, torí irú ojú tí wọ́n fi ń wò wá nìyẹn. Ara mi ò gba ilé, kò gba ṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀sán kan, mo tilẹ̀kùn, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé orí afárá odò Ọ̀ṣun, mo dúró, mo wo omi tó pọ́n, tó ń gbé ewé lọ. Kẹ̀kẹ́ kan dúró, awakọ̀ rẹ̀ béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn náà.

Nígbà tí ó dáhùn, ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì pé ó pẹ́. Ó ní bí òun ti ṣíwọ́ iṣẹ́, òun gba ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ. Aṣọ́nà ibẹ̀ dá àbúrò mi mọ̀ nínú fọ́tò, ó ní ó ti kó kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì mọ ibi tó wà. Obìnrin náà fi nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ pè é.

Ó kọ ọ́ báyìí: "Àbúrò rẹ wà láàyè. Ara rẹ̀ dá. Ó ní òun ò tíì lè bá ilé sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má fi nọ́ńbà òun ránṣẹ́ sí yín. Má bínú sí mi. Mo ti ṣèlérí fún un."

Mo jókòó sórí àpótí bébà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ó wà láàyè, ó ń jí, ó ń sùn, ó sì fi wá sílẹ̀ báyìí! Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà lọ sọ́jà.

Ìyá mi ń ká òwú nígbà tí mo dé. Bó ti rí ojú mi, ó fi òwú sílẹ̀.

"Ó wà láàyè, Màmá."

"Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Ara rẹ̀ dá."

Ó gbé iwájú orí lé tábìlì ọjà rẹ̀, láàárín bọ́tìnì, ó ń wí pé, "Alihamudulilahi, Alihamudulilahi." Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. "Kí ló dé tí kò pè wá?"

"Kò sọ. Ó ní òun ò tíì lè bá ilé sọ̀rọ̀."

Télọ̀ kan dé láti ra síìpù dúdú. Ìyá mi fún un ní funfun. Télọ̀ náà dá a padà, ó tún fún un ní funfun mìíràn. Èmi ni mo dìde tí mo wá dúdú fún un. Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ní, "Obìnrin tó lọ wá a yẹn, ṣé ó lè gbé ohùn mi fún un?"

Mo ní ó lè ṣe é. Mo ṣí fóònù kó sọ̀rọ̀ sí i. Ó kọ́kọ́ ń pariwo bíi pé òdìkejì odò ni ọmọ náà wà, mo ní kó rọra. Ó wú ikọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì àbúrò mi. Láti ọ̀dọ̀ bàbá wa, dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá wa, ó kì í bó ti máa ń kì í ní àárọ̀ tó bá ń lọ ṣe ìdánwò. Àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yíjú sí wa. Nígbà tó kì í tán, ó ní, "Mi ò bi ẹ́ ní nǹkan kan o. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ohùn mi ni. Bí o bá ti jẹun lónìí, ó tó."

Obìnrin ará Póláǹdì náà kọ̀wé padà pé òun ò gbọ́ èdè ìyá mi, àmọ́ òun gbọ́ ọ tán pátápátá kí òun tó fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni, àwọn ọkùnrin ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, mo sì ń ká bánà lórí ilẹ̀ nínú ọgbà wa. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ wọlé. Mo gbé e, mo gbọ́ èémí, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi."

Mo dá ohùn náà mọ̀. Mo sáré lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo gbé fóònù sí i létí, mo fi ọwọ́ dì í mú síbẹ̀ kó má bàa já bọ́.

Mo ṣí ohùn fóònù síta, àbúrò mi sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wa. Èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní àyè láti kọ́ èdè náà, kò yé e tó, ó sì wọ kíláàsì bẹ́ẹ̀. "Mo gbìyànjú, Màmá. Mo gbìyànjú gan-an. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn á máa kọ̀wé, èmi á máa wo ẹnu rẹ̀." Ó fìdí rẹmi, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀. Ó lọ sí ìlú kékeré kan, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbin olú.

Ìyá mi ní, "Olú? Olú tí à ń já nínú igbó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Inú ilé ni wọ́n ti ń gbìn ín níhìn-ín. Inú òkùnkùn."

"Ta ló wá ń jẹ gbogbo rẹ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já, ó di ẹkún. "Ojú ń tì mí, Màmá. Gbogbo èèyàn ló sin mí lọ. Kí ni mo fẹ́ wá sọ fún wọn?"

Ìyá mi ní, "Ojú tó ń tì ẹ́ yẹn, gbé e wálé ká jọ wò ó."

Nígbà ọyẹ́ ló dé. Ó ti rù, ó ti hu irùngbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ le. Mo rò pé bó bá ti dé, ara mi á balẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe la di méjì tí ò lè jókòó sójú kan. Á jí kí wọ́n tó pe ìrun, á rìn yí agboolé ká, á lọ wo kànga, á padà. Bí àwọn àgbà bá bi í pé, "Ṣé o ti parí ìwé?" á ní, "Ó kù díẹ̀, sà," á sì wá ibi gbà. Ìyá mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń bu oúnjẹ sí i.

Ó máa ń tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi àwọn pósítà náà hàn án. Ẹnu yà á, torí kò rí irú wọn rí ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀. Ìwé tó ń kà, ọkọ̀ tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ibùsùn rẹ̀, kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ó lè ka ọ̀rọ̀ wọn. Ó fi ìka tọ̀ wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ó ń pè wọ́n bí ẹni tó ní òkúta lẹ́nu, á wá tú u sí Yorùbá fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti rò nípa wọn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kóòtù aláìlórí tó ti ń dẹ́rù bà mí, fíìmù ẹ̀rín ni, nípa télọ̀ kan tó sọ aṣọ ọkọ ìyàwó nù láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ irú télọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Èyí tó yọ ahọ́n ńkọ́?"

Àbúrò mi ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ bàtà náà. Ó tún un kà. Ó ní, "Ogun ni, Màmá. Àwọn ọmọ ogun tó rìn títí tí bàtà fi gé mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní wọn ò padà délé."

Ìyá mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Mo sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín," ló wí. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan bàtà náà lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní òun ń lọ kírun.

Àbúrò mi ló ní kí a kọ̀wé sí obìnrin tó ń tọ́jú àwọn pósítà náà. Mo ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó kọ̀. Ó fi èdè wọn kọ ọ́. Ó kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́, ó dìde, ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó tún kọ ọ́. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Nígbà tí èsì dé, obìnrin náà ti tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe fún un, ó sì ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà. Àbúrò mi tò wọ́n sórí bébà, ó ń kà wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ìgbà tó bá rò pé mi ò gbọ́.

Àbúrò ìyá mi kan ní oko ní Alájùẹ, ó sì ní ilé adìyẹ kan tó ti ṣófo. Ibẹ̀ ni àbúrò mi gbà lọ láti gbin olú. Ó kó lẹ́búlẹ́bú pákó láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó, ó sè é, ó dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú irúgbìn olú, ó fi aṣọ dúdú bo àwọn fèrèsé. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe hu ewú aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ó bínú, ó ní òun ń padà sí Póláǹdì, bóyá ilé ìwé mìíràn á gba òun. Ó sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó tún ti wà nínú ilé adìyẹ náà, ó ń fọ́n omi sí ọ̀rá mìíràn.

Olú tó kọ́kọ́ hù dáadáa kò ju èyí tí abọ́ kan gbà lọ, ó funfun bí etí ọmọ tuntun. Ó gbé e wá fún ìyá mi. Ìyá mi fi ata àti àlùbọ́sà sè é, ó tọ́ ọ wò, gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Ti inú igbó dùn jù ú lọ."

Ó tún bu òmíràn sí i. Àbúrò mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo bóyá aṣọ ojú fèrèsé ilé adìyẹ náà kò tíì ṣí, ó sì ti ń wá ọ̀kadà kí a tó jẹun tán.